Ohun Tí Ojúlarí Ń Gbó Mọ́

Ilẹ̀ ti ń ṣú, áyọ́ọ̀nù eléèédú ti gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n ajá kò tíì gbó. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró, ó tẹ́tí. Láti ìgbà tí Ojúlarí, ajá náà, ti dé inú ilé yẹn, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń di òkùnkùn, yóò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Alágbàfọ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, yóò wá máa gbó mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣófo. Kì í gbó pẹ́. A máa gbó bí ẹni tó ń bá ènìyàn jiyàn, nígbà tó bá sì dà bíi pé ó borí, á dùbúlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó sì tóóró. Yàrá Alágbàfọ̀ wà lápá kan, ti Akọ̀wé, ayálégbé bíi tirẹ̀, wà lódìkejì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ọmọbìnrin Alágbàfọ̀ ló rí i. Ajá náà wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó nà gbalaja, ìfófòó ti gbẹ sí i lẹ́nu. Ọmọ náà kò ké. Ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Ìyẹn gan-an ló dun bàbá rẹ̀ wọ egungun, nítorí pé ìyá ọmọ yìí ló mú ajá náà wálé kí obìnrin náà tó kú, nígbà tí ajá kò tíì tóbi ju bàtà lọ. Òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ojúlarí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ó ti ń gbọ́ orúkọ náà láti kékeré, ó dùn ún pè lẹ́nu, kò fi bá ẹnikẹ́ni wí.

Ṣùgbọ́n Akọ̀wé gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọ́fíìsì lọkùnrin yìí ń lọ, ẹ̀wù funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, Alágbàfọ̀ ló sì ń bá a fọ̀ wọ́n. Ó mọ àgbà kí. Bó bá ń dọ̀bálẹ̀, wàá rò pé ó ń wá owó tó jábọ́ ni. Àmọ́ bí ọmọ náà bá ti pe ajá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ á le koko. Ó ti bi Alágbàfọ̀ rí pé kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí òun bá ń kọjá ni wọ́n máa ń pòwe. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ajá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbígbó yẹn náà, ilẹ̀kùn òun ló ń kọjú sí.

Alágbàfọ̀ kì í ti aṣọ bọ omi láì tú àpò rẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn; bírò kan ṣoṣo lè ba odidi ìdì aṣọ jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ikú ajá, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò Akọ̀wé, ó bá ọ̀rá oògùn eku níbẹ̀, òfìfo, pẹ̀lú bébà tó kún fún òróró ẹran. Ó dúró pẹ́ pẹ̀lú wọn lọ́wọ́. Omi inú abọ́ rẹ̀ tutù pátápátá kó tó kúrò níbẹ̀.

Ó gbé e lọ bá Ìyá Onílé. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ọlọ́pàá, òun kò sì fẹ́ ìtanràn; kí ọkùnrin náà ṣáà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ọmọ òun, kí ọmọ náà má baà dàgbà pẹ̀lú èrò pé èèyàn lè ṣe ìkà kó sì jẹun sùn. Ìyá Onílé pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá. Akọ̀wé wo ọ̀rá náà, ó ní oògùn eku ni, eku lòun sì fi pa. Ta ni kò ní eku nílé? Àwọn kan mi orí. Ìyá Onílé ní kó búra, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Akọ̀wé dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Bí mo bá mọ nǹkan kan nípa ikú ajá yìí," ó ní, "kí ohun tí ajá náà máa ń gbó mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi gbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí nǹkan kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alágbàfọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Àmín," ó ní, ó sì fi gbogbo inú rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí wọ́n tú ká, ọmọ rẹ̀ bi í bóyá ẹjọ́ ti tán.

Nínú ìdì aṣọ Akọ̀wé tó tẹ̀lé e ni nǹkan ti yí padà. Ẹ̀wù funfun kan ti gbẹ lórí okùn, oòrùn ti pa á gan-an títí ó fi le bíi páálí, àfi èjìká òsì. Èjìká òsì tutù. Alágbàfọ̀ rò pé òun kò fún un dáadáa ni, ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ó hó ṣàà, èéfín gòkè, síbẹ̀ omi wà níbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ẹ̀wù náà síwájú fèrèsé ló tó rí bí ibi tó tutù náà ṣe rí: ìka ọwọ́ ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn ju ti ènìyàn lọ, ó sì di èjìká mú láti ẹ̀yìn. Ó ń rùn díẹ̀, bí omi tó ti pẹ́ nínú ìkòkò.

Ó ká a, ó dá a padà fún Akọ̀wé, kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ìdì mìíràn dé, ọwọ́ ti wà ní èjìká méjèèjì. Nígbà tó yá, ó dé ọrùn. Akọ̀wé ń rù. Ó ti di ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri bó bá ń rìn, tí kì í fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ṣófo. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ìta ni yóò dúró sí títí ẹlòmíràn yóò fi wọlé, kó tó tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀sán gangan lọ̀rọ̀ náà wá. Akọ̀wé wọ ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀ láì kí i, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bàbá," ó rọra sọ, "ajá yẹn, kí ló máa ń rí?"

Alágbàfọ̀ kò gbójú sókè. "Ajá wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo pa á. Mo fi oògùn sínú ẹran fún un. Mo rò pé èmi ló ń gbó mọ́."

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún."

Akọ̀wé sọ ọ́ ní àgbàlá, níwájú gbogbo ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ kékeré náà, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀ nínú eruku, débi pé Ìyá Onílé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà wá bi í bóyá Ojúlarí jẹ ẹran náà tán.

"Ó jẹ ẹ́ tán," Akọ̀wé dáhùn, kò gbé orí sókè. "Ó ń jùrù sí mi."

Ọmọ náà mi orí, ó wọlé lọ, ìgbà yẹn ló tó sunkún. Alágbàfọ̀ gbé e mọ́ra títí ó fi sùn lọ. Ó rò pé ẹjọ́ ti tán. Ẹ̀wù tó sì fọ̀ kẹ́yìn fún Akọ̀wé gbẹ, láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀.

Akọ̀wé kò gbé ilé náà pẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní nǹkan náà ti kúrò lára òun, òun kò mọ ibi tó lọ, kí Bàbá jọ̀ọ́ wá ajá mìíràn kíákíá. Ọ̀rọ̀ náà bí Alágbàfọ̀ nínú. Ó ní ajá kì í ṣe ife tó fọ́ tí èèyàn ń lọ ra òmíràn.

"Ẹ rántí bó ṣe máa ń jókòó, sà," Akọ̀wé sọ. "Ẹ̀yin ló kọ ẹ̀yìn sí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò fẹ́ kó dé tiyín ni."

Alágbàfọ̀ ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń lọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ní yàrá wọn sílẹ̀ de iléèwé. Ilẹ̀ ń ṣú. Ó nà án sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Èjìká òsì tutù. Ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó hó ṣàà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìka náà kò kúrò, wọ́n gùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yí èjìká kékeré náà po tán. Àmín tó ṣe ní àgbàlá ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ó béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ó ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ajá ti lọ."

Alágbàfọ̀ sáré jáde, ó fa ọmọ náà wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé e. Òun alára dúró síta. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn omi ìkòkò nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń sún mọ́ ọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ya ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.