Omi Pupa Inú Kànga Chellammal

Chellammal fa omi nínú kànga láti fi rẹ ìrẹsì, omi náà sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó gbé garawa rù, òun àti Kayalvizhi, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa omi ní yunifásítì, gba inú oko àgbọn lọ sí ilé aró Muthuvel, àbúrò rẹ̀, létí odò Noyyal, níbi tí ó ti ń da omi aró sódò.

"Muthu, mu."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ kí mi?"

"Mu ún ná. Ṣebí ìwọ lo pò ó."

Ojú ti Muthuvel. "Ẹ má bínú. Mo ti rí ojútùú." Ó bu ẹ̀tù funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú garawa, ó rò ó. Kò pẹ́, pupa náà pòórá. "Ẹ wò ó! Ó mọ́ gaara!"

Chellammal na ọwọ́ sí i.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Kayalvizhi fa garawa sẹ́yìn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀tù tí wọ́n fi ń bó àwọ̀ aṣọ nìyí. Àwọ̀ ló lọ, májèlé ò lọ. Ó tiẹ̀ lè bí òmíràn."

"Kí n wá ti ilé iṣẹ́ pa? Èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun níbí."

"Ẹ ti rí olú tó ń hù lára igi jíjẹrà? Oje tó fi ń jẹ igi náà ló ń fọ́ aró sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbìn ín sórí èèpo àgbọn nínú táǹkì, kí omi aró máa gbabẹ̀ kọjá."

"Olú ọbẹ̀? Kí n ra ata sí i?"

Síbẹ̀, ó gbà. Olú àkọ́kọ́ kú, nítorí wọ́n da omi aró gbígbóná lé e. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n jẹ́ kí omi náà tutù ná. Lọ́jọ́ kẹfà, omi pupa ti ṣá bíi tíì tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá mu!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún," ni Kayalvizhi wí. "Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tún omi ṣe ló kù kó lọ."

Kànga Chellammal ò tíì sàn dòní. Muthuvel fúnra rẹ̀ ló ń ru omi lọ fún un láràárọ̀.

Ẹ̀yin aláró, ẹ má da omi aró sódò. Ẹ má ra ẹ̀tù atannijẹ. Olú lè bá yín ṣẹ́gun àwọ̀, àmọ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yin aládùúgbò, bí omi kànga bá yí àwọ̀, ẹ má mu ún, ẹ má sì rò pé sísè yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ tètè sọ fún àwọn aláṣẹ, kó tó dé inú ọmọ.