Ohùn Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ọjọ́ tí Ọdẹ́wálé àti Ẹ̀bùnolúwa kọ́kọ́ pàdé, ọkùnrin náà kò ní ṣòkòtò nídìí. Kí ẹnikẹ́ni má ro ìròkurò o. Irin kẹ̀kẹ́ ló fà á ya bó ṣe ń gbé iṣu bọ̀ láti Sekona, ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀bùn sì ni ilé aránṣọ tó kọ́kọ́ rí ní Ẹdẹ.

"Ẹ bọ́ ọ sẹ́yìn ibẹ̀ yẹn," ni Ẹ̀bùn wí. Ó nawọ́ sí aṣọ ìkélé pupa tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wọ aṣọ wò.

Ọdẹ́wálé na ṣòkòtò síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìkélé. Ó sọ ti oko bàbá rẹ̀, ó sọ ti òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ẹ̀bùn ti rán ṣòkòtò tán tipẹ́. Kò kàn fẹ́ kí ohùn náà dákẹ́ ni.

"Àǹtí aránṣọ, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Mi ò sùn. Mò ń gbọ́."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ẹ̀bùn, tí í ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kọ́kọ́ fajú ro, nítorí pé Ṣàngó ni wọ́n ń bọ nílé Ọdẹ́wálé. Nígbà tó yá, ó gbà. Ìyá Ẹ̀bùn ti kú, òun nìkan ló sì máa ń fi oríkì pè é. Ìyá Ọdẹ́wálé ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dúró de ìgbéyàwó tó fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀bùn a rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn nínú.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fawziyah rọra ti ilẹ̀kùn. "Àǹtí Ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ yìí lè ba ẹyin tó ń di ọmọ nínú obìnrin jẹ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ibi kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ti lè kó díẹ̀ nínú ẹyin yín pamọ́ sínú òtútù kí á tó bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò ní ọkọ mọ́," ni Ẹ̀bùn wí. Ó ya òun alára lẹ́nu.

"Kì í ṣe ọkọ ni mò ń bi yín. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ fẹ́ ọmọ?"

Ẹ̀bùn ronú títí. Gbogbo ayé ló ti fi ọmọ ṣàdúrà fún un, kò sí ẹni tó bi í rí bóyá ó fẹ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Mo fẹ́," ló wí. "Mo fẹ́ gan-an."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe Ọdẹ́wálé. "Má wá mọ́. Ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ." Irọ́ ni. Ọdẹ́wálé nìkan ni ọmọkùnrin ìyá rẹ̀, Ẹ̀bùn kò sì fẹ́ rí ojú ìyá náà lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé òun lè má bímọ.

Ó dá lọ sí Ìbàdàn. Ó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé aṣọ lòun lọ rà. Ní ọsibítù ibẹ̀, àwọn ọkọ ń gbé báàgì ìyàwó wọn, Ẹ̀bùn gbé tirẹ̀ sórí itan. Nígbà tí wọ́n kó ẹyin náà tán, wọ́n bi í pé ta ló máa mú un délé. Ó ní àbúrò òun wà níta. Kò sí ẹnì kankan níta. Dókítà ní ohun tí wọ́n rí kó kò pọ̀, òun kò sì lè ṣèlérí pé yóò di ọmọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí oògùn bẹ̀rẹ̀, ó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ó sá bọ́ sẹ́yìn ìkélé.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ, ayọ̀ mi," ni Ọdẹ́wálé wí. "Tí ọkàn rẹ bá ti kúrò lóòótọ́, sọ ọ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Níbi tí kò ti rí ojú rẹ̀, ẹnu Ẹ̀bùn ṣí. Ó sọ ti kókó, ti Ìbàdàn, ti ẹyin tí kò pọ̀, ti oògùn tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Nígbà tó parí, ó tẹ́tí sí ìta.

"Ọdẹ́, ṣé o ti sùn ni?"

"Mi ò sùn. Mò ń gbọ́." Ọdẹ́wálé sún mọ́ ìkélé. "Mo fẹ́ ọmọ, Ẹ̀bùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo wá fẹ́ nílé yín. Aago mélòó la máa jáde lọ́la?"

Ẹnìkan húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ọdẹ́wálé ti bá ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló sì ti gbọ́.

"Ìyá Ì..." Ó gbé ìyókù mì. "Ọmọ mi, kí ni ìyá tó bí ọ máa ń pè ọ́?"

"Àkànkẹ́ ni, mà."

"Ó dáa. Àkànkẹ́, jáde wá kí n rí ọ."

Ẹ̀bùn kò gbọ́ orúkọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ó nu ojú, ó sì fa ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.