Iná Inú Ihò Kíbọ́ọ̀dù

Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni dísíkì kékeré náà ń dún lórí tábìlì, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Ọwọ́ Gloria dá dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó ti mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dára, kódà kí dísíkì tó bẹ̀rẹ̀ igbe.

Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lafiaji ni Tíṣà Philip ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà lọ́dún 1998 yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Obìnrin náà ló máa ń ṣe orin fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, inú dísíkì tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ yìí ló sì kó gbogbo rẹ̀ sí. Gloria ni Tíṣà ní kó tẹ̀ wọ́n jáde fún ìsìn ìrántí.

"Adápítọ̀ rẹ̀ nìyí," ó ní láàárọ̀. "Ara ògiri ni kó o ti fún un níná. Má lo okùn tó ń fa iná láti ihò kíbọ́ọ̀dù o. Kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó. Iná ibẹ̀ tó kíbọ́ọ̀dù, kò tó dísíkì."

"Mo ti gbọ́, sà."

Tíṣà kò tíì jìnnà tí Taslimah ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wọlé. Wọ́n fẹ́ dánra wò fún ijó ìdágbére ilé-ìwé, bátìrì rédíò wọn sì ti kú.

"Yá mi ní adápítọ̀ yẹn."

"Tíṣà ní kí n má..."

"Ìyá Ìjọ, ẹ ǹlẹ́ o! Ṣé adápítọ̀ ló máa fẹ́ ẹ ni? Ṣebí okùn kejì nìyẹn."

Gloria kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ adápítọ̀ fún un, ó ki okùn kejì bọ ihò kíbọ́ọ̀dù. Iná tàn. Orin kan ṣí. Lẹ́yìn náà ni dísíkì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò sì sí òmíràn tó ṣí mọ́.

Nígbà tí Tíṣà fi dé, Gloria ti gba adápítọ̀ padà, ó ti ki í bọ ara ògiri. Tíṣà gbìyànjú títí, òógùn bò ó.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó kàn ṣàdédé dákẹ́ ni, sà."

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Mọ̀núrù ni. Òun ló tún kọ̀ǹpútà yìí ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀."

Gloria dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ fún Mọ̀núrù mọ́. Àwọn ìyá ìjọ ń pè é ní ẹni tó pa orin olóògbé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ̀núrù pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Gloria, dísíkì Tíṣà ńkọ́? Ṣé ó ti jí?" Àánú ló wà lóhùn rẹ̀.

Gloria wo bàtà ara rẹ̀. Ó yí padà, ó sáré lọ sílé Tíṣà, ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ ìyàwó rẹ̀.

"Tíṣà, kì í ṣe Bọ̀dá Mọ̀núrù. Èmi ni. Mo yá èèyàn ní adápítọ̀, mo wá lo okùn tẹ́ ẹ ní kí n má lò."

Tíṣà jókòó.

"Orin mélòó lo rí kó tó dákẹ́?"

"Ọ̀kan, sà."

"Èwo?"

"Èyí tó sọ̀rọ̀ nípa òjò."

Tíṣà kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó dìde. "Jẹ́ ká lọ."

Ní ṣọ́ọ̀bù Mọ̀núrù nítòsí Tinúbú, Tíṣà ṣí fìlà. "Mọ̀núrù, má bínú. Mo purọ́ mọ́ ẹ láìmọ̀."

Nígbà tí Gloria jẹ́wọ́ tán, Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Ìwọ? Mo dúró níwájú ẹ, mò ń bi ẹ́ léèrè!" Ó gbé irin tó fi ń jó wáyà pọ̀ sílẹ̀. "Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti bú mi. Gbangba ni kó o ti sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìsinmi, Gloria dìde níwájú àwọn ìyá ìjọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan sunkún, àwọn kan pòṣé. Ọjọ́ kejì, ìyá kan gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ fún Mọ̀núrù. Àwọn orin náà kò padà mọ́ láé.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tí nǹkan kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tí ìyà rẹ̀ wá ń jẹ ẹlòmíràn, ti ba nǹkan kejì jẹ́, èyí tí òtítọ́ nìkan lè tún ṣe. Ẹ tètè sọ ọ́.