Ẹnìkejì Lábẹ́ Omi

"Ìwọ nìkan lo mọ̀," Tiwátọ́pẹ́ sọ, ó di ọwọ́ Ìwàlẹwà mú lẹ́yìn kíláàsì. "Má jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Silas gbọ́ o. Ọ̀rẹ́ kì í tú àṣírí ọ̀rẹ́."

Ikọ́ fée ni àṣírí náà. Bí ó bá dé, àyà Tiwátọ́pẹ́ a máa dún fíì-fíì, kò sì ní lè mí dáadáa. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Iléṣà, ta ló ń pariwo àìsàn ọmọbìnrin tí yóò wọlé ọkọ? Ìwàlẹwà náà ì bá má mọ̀, bí kò bá ṣe pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn nílé ìwé.

Ọdún 1996 ni. Ọ̀gbẹ́ni Silas, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé náà tẹ́lẹ̀, tó ti di òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkun fún àwọn elépo, ló fẹ́ kó ọmọ mẹ́fà lọ sí etí òkun Àgbádárìgì nígbà họlidé. Wọn yóò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọn yóò máa ti inú rẹ̀ mí, wọn yóò sì rí ìsàlẹ̀ òkun. Ó ti kọ́ wọn bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo. Àwọn tí odò ò tíì kọjá orúnkún wọn rí wá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìlàjẹ.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ omi. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ, ẹnìkejì ẹni ló sì ń jẹ́rìí ẹni. Nígbà tí ìrìn àjò kù díẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Silas pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwàlẹwà, ìwọ àti Tiwátọ́pẹ́ lẹ jọ ń lọ. Ṣé ara rẹ̀ dá ṣáṣá? Bí èémí bá há mọ́ èèyàn lábẹ́ omi, ikú ni. Tí kò bá sì lè lọ, ìwọ náà ò ní lè lọ, torí kò sí ẹnìkejì míì."

Ìwàlẹwà sọ ọ́ jáde:

"Ó ní ikọ́ fée, sà."

Ó rò pé òun máa sunkún. Omijé kankan ò wá.

Àwọn mẹ́rin yòókù lọ. Ìyá Tiwátọ́pẹ́ wá sílé ìwé. "O ti bà mí lọ́mọ jẹ́! Ta ni yóò fẹ́ ẹ báyìí?" Ìwàlẹwà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bú. Iyán tó fẹ́ràn ò ládùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àwọn mẹ́rin náà dé láyọ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. "Ṣé ẹ rí i?" làwọn ọmọ kíláàsì ń wí. "Ẹ̀rù òkun ló ń ba Ìwàlẹwà. Ó wá kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀." Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Tiwátọ́pẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìwàlẹwà kọjá láìkí i, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìwàlẹwà dúró, ó ń wò ó. Inú rẹ̀ ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn ń wò ó bó ṣe ń mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣírí tó lè pa ọ̀rẹ́ ẹni kì í ṣe ohun à ń bò, bí a tilẹ̀ máa pàdánù ohun tí a fẹ́. Ọ̀rẹ́ tó ń bínú síni ṣì lè padà wá. Èyí tí omi bá gbé lọ kì í padà.