Ẹṣin Kan Ni Mo Tà

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Mo ti pa irọ́ kan rí. Irọ́ yẹn ló bí òótọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹṣin ni mò ń sìn, lẹ́yìn Ìyànà Ìbà. Ojú ìyàwó mi, Àsíátù, ò ríran mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè là á, àmọ́ kò sówó. Ọmọ ẹṣin eré ìje kan ṣoṣo la ní tó tó tà.

A kì í fẹnu lásán díyelé ẹṣin. Wọ́n á bèèrè bàbá ẹ̀, wọ́n á wo eyín ẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi ọ́ bóyá ẹyọ kan ni ìyá ẹ̀ bí, àbí ìbejì. Tó bá jẹ́ ìbejì, owó já wálẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní agbára ẹ̀ ti pín sí méjì.

Ìbejì ni tiwa. Èkejì ò lò ju ọjọ́ kan lọ. Èmi àti Bàbá Ṣàkírù, tó ń bá mi tọ́jú ẹṣin, la sin ín sẹ́yìn ilé.

"Jẹ̀lílì, a kì í sẹ́ ìbejì," Bàbá Ṣàkírù kìlọ̀ fún mi. "Sọ ọ́. Kí ẹni tó bá rà á fi nǹkan kékeré sílẹ̀ fún èkejì ẹ̀."

"Ẹnu yín ló máa la ojú Àsíátù, Bàbá?"

Wọ́n lọ bu omi fún ẹṣin.

Ọ̀tọ̀-Àwórì ni gbànjo náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta. Wọ́n bi mí. Mo ní ẹyọ kan ni.

Wọ́n ní kó sáré káwọn wò ó. Ó sáré. Háà! Ìró pátákò yẹn ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo wo iyanrìn. Ipasẹ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kékeré, bíi tọmọ ọjọ́ kan.

"Alàgbà, ẹṣin mélòó lẹ mú wá?" oníbàárà kan bi mí.

"Ọ̀kan."

Ó rà á lówó gọbọi.

Wọ́n ṣe ojú Àsíátù. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ wọ ilé ọmọ ẹṣin tí mo tà, tó ti ṣófo. Ó wò ó títí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Taofeek, ẹ mà ní ẹ ti ta ẹṣin."

"Mo ti tà á."

"Èyí ńkọ́?" Ó na ọwọ́, ó ń fi pa afẹ́fẹ́ lórí, ní déédéé itan ẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Yéè! Ta ló da iyẹ̀pẹ̀ sí i lójú báyìí?"