Àforíjì Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Tọrọ Sílẹ̀

Etí méjì ni Rusana kọ́kọ́ rí, etí ọ̀dọ́ àgùntàn, tó yọ láyà kóòtù ọkùnrin kan tó ń bọ̀ nínú òjò dídì. Ó gbé korobá omi rẹ̀ kalẹ̀ nídìí orísun, ó ń wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, àyà yín mà ń ké.”

“Ọmọ mi ni. Ìyá rẹ̀ kú lórí òkè.”

“Abájọ tí etí yín fi jọra.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹran náà fi tún ké. Ó ní Radoi ọmọ Ilko lòun. Bí Rusana ṣe gbọ́ Ilko, ó gbé korobá rẹ̀, ó yára lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀ kan, Ilko yí omi odò sí pápá tirẹ̀. Koríko Dobri, bàbá Rusana, gbẹ, màlúù rẹ̀ sì kú. Láti ìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ilko pàápàá ti wá kú, ṣùgbọ́n Dobri ò tíì jẹ́ kó sinmi.

Àmọ́ orísun kan náà ni gbogbo abúlé wa ti ń pọnmi. Kò pẹ́ tí Rusana fi ń pọn omi tó ju èyí tí ilé wọn ń lò lọ, tí Radoi ń bá a gbé e gun òkè, tí á yà kúrò kí wọ́n tó dé iwájú ilé Dobri.

Radoi rán àwọn àgbà sí Dobri láti tọrọ Rusana, Dobri lé wọn jáde. Ni àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan pé Rusana á sá tọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá á bínú, tó bá yá á gbà.

Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì ni wọ́n mú, ọjọ́ tí ààwẹ̀ ńlá ku ọ̀la. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ á kúnlẹ̀, á fẹnu ko ọwọ́ òbí, á ní, “Ẹ forí jì mí.” Òbí á ní, “Ọlọ́run á forí jì ọ́.” Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn.

Rusana kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Kò fẹnu kò ó.

“Kí ló dé? Ẹyin tí a fẹ́ jẹ ń tutù.”

“Bàbá, mi ò lè sọ ọ́. Radoi ń dúró dè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹṣin. Ohun tí mo ṣì fẹ́ ṣe, báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ àforíjì rẹ̀? Irọ́ ni màá máa pa fún Ọlọ́run.”

Dobri lu tábìlì. “Ọmọ Ilko! Olè bí olè! Máa lọ, ilẹ̀kùn ò tì!”

Ó lọ lóòótọ́. Radoi ti nawọ́ láti gbé e gun ẹṣin.

“Mi ò sá lọ mọ́, Radoi.”

“O ò fẹ́ mi mọ́ nìyẹn?”

“Mo fẹ́ ọ débi pé mi ò lè jí ọ gbé. Ẹni tó bá jí ohun rere, ìdajì rẹ̀ ló gbé lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Radoi lára. Ó so ẹṣin mọ́ ọgbà. “Bàbá ẹ á yọ àáké sí mi o.”

“Bóyá. Ṣùgbọ́n iwájú ilé la ó gbà wọlé, àyànfẹ́ mi.”

Dobri ṣì jókòó ti oúnjẹ. Radoi ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí.

“Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ forí ji bàbá mi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gbé e wá mọ́.”

Ojú Dobri yí padà. “Ó wá.”

“Ta ló wá?” ni Rusana bi í.

“Ilko. Lọ́dún tó máa kú, ní irú ìrọ̀lẹ́ yìí, ó kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé òun ni. Mi ò dá a lóhùn. Mò ń jẹun lọ ní tèmi.” Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọwọ́ ta ni màá ti wá tọrọ tèmi báyìí?”

“Èmi ló kù, Bàbá.”

Arúgbó náà bá rọra fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú ọmọdé. Mo ti dàgbà, mi ò rírú ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí àgbà fi ń dáhùn wá bọ́ sẹ́nu Radoi, ó sì ń bẹ̀rù láti sọ ọ́.

“Ọlọ́run á forí jì yín, Bàbá.”

“Dìde, ọmọ mi. Wá jẹun.”

A kì í ṣe ìgbéyàwó nínú ààwẹ̀. Wọ́n dúró di ẹ̀yìn Àjíǹde. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àlùfáà fẹ́ gbé adé ìgbéyàwó lé wọn lórí, Dobri nìkan gbé ìgò wáìnì lọ sí itẹ́ òkú. Ó ṣí fìlà, ó da wáìnì sórí ibojì Ilko.

“Àna mi,” ló wí, “ọmọ wa ń gbéyàwó lónìí. Mo wá pè ọ́.”