Aṣọ Tí Tóyọ̀sí Yí Bíi Kòkó

Apá ọkùnrin náà ni Tóyọ̀sí kọ́kọ́ rí. Aró ti mu ún dé ìgbọ̀nwọ́, ó dúdú minimini, ó ń na aṣọ sórí okùn, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Tóyọ̀sí, síbẹ̀ àyà rẹ̀ já. Ó yà á lẹ́nu pé àyà òun ṣì lè já.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní abúlé kòkó wọn lẹ́yìn Iléṣà, tí Ṣèyífúnmi ọmọ rẹ̀ sì gbé e wá sí Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ìdí fèrèsé ló sì ń jókòó sí látàárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó máa lọ sí agboolé Mọ́ṣúdù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́ṣúdù, ọkùnrin aláró yẹn, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, jogún ìkòkò aró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í débẹ̀. Funfun ló ń jáde.

Igi kòkó ni Tóyọ̀sí yà. Mọ́ṣúdù ní kó sá a, kó má fọwọ́ kàn án mọ́, ó sì lọ kí ìrun Àìlà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sá nǹkan sóòrùn níwájú aya àgbẹ̀ kòkó tí kò ní yí i? Bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ yí kòkó lóòrùn kó lè gbẹ, Tóyọ̀sí bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ yí aṣọ náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, títí gbogbo ẹ̀kọ náà fi sán.

Nígbà tí Mọ́ṣúdù dé, ojú ti Tóyọ̀sí. Ó ní òun ti bà á jẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká rì í sínú aró wò ná, Ìyá Ṣèyí," Mọ́ṣúdù wí.

Wọ́n rì í, wọ́n sá a, wọ́n tún rì í. Nígbà tí wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò, gbogbo àgbàlá rọ́ yí aṣọ náà ká. Aró ti gba ojú ibi tó sán wọlé. Iṣan tín-ín-rín tín-ín-rín wà lára gbogbo ewé, bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà. Àfi bíi pé igi náà ń mí.

Ogójì ọdún ni Mọ́ṣúdù ti ń rẹ aṣọ, àmọ́ omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo kọ́ yín léyìí," ó ní.

Tóyọ̀sí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tú lẹ́nu rẹ̀, kò sì dákẹ́ títí ó fi délé.

Kò pẹ́ tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan kò tó àwọn méjèèjì mọ́. Ṣèyífúnmi gbọ́, ó fárígá. Ó ní àgbà obìnrin kì í tún lọ́kọ, pàápàá ọkọ Mùsùlùmí. Ó ní kí ìyá òun má lọ mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá padà sídìí fèrèsé, oúnjẹ ń ṣẹ́kù nínú àwo. Ẹ̀rù ba ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé agboolé náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí fún Mọ́ṣúdù. "N ò mọ̀ pé ohun tó ń gbé màmá mi ró ni mo gbà lọ́wọ́ wọn."

Mọ́ṣúdù lóṣòó síwájú Tóyọ̀sí, tòun ti ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ máa ń lóṣòó ti oníbàárà tó ràwìn títí yóò fi sanwó aṣọ. Èmi náà ti lóṣòó lónìí. Bí ẹ ò bá fẹ́ mi, n ò dìde."

Tóyọ̀sí wò ó títí. Ó yà á lẹ́nu pé Ọlọ́run ṣì fi irú èyí pamọ́ de òun.

"Mo ti gbà tipẹ́," ó ní. "Ẹ dìde, ká ṣiṣẹ́."

Orúnkún Mọ́ṣúdù kọ̀ jálẹ̀. Tóyọ̀sí mú ọwọ́ kan, Ṣèyífúnmi mú ìkejì, wọ́n sì jọ fà á dìde.